Ẹ Dá Nọ́ńbà Màmá Padà Sẹ́yìn Ilẹ̀kùn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ààrẹ Míṣọ̀n Wa

Ẹ̀yin Ààrẹ míṣọ̀n wa nínú Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-ìkẹhìn, àti ẹ̀yin Màmá, ìyàwó Ààrẹ, tí ẹ jọ ń ṣe é,

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, torí mo ti kọ ímeèlì méjì sí ọ́fíìsì yín, mi ò rí èsì, mo pe fóònù lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tó gbé e ní òun á jíṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá lórí ẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, odindi tránsífà kan ni, ìyẹn àsìkò tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ìlú fún míṣọ́nárì. Láàárín ìgbà yẹn àwọn ọmọ kan ti kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn, àwọn tuntun ti dé láti MTC, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn míṣọ́nárì, òfin tí mo fẹ́ bá yín sọ nípa ẹ̀ yìí ni wọ́n bá nílẹ̀, wọ́n á rò pé bí míṣọ̀n ṣe ń rí níbi gbogbo nìyẹn.

Ẹ ò mọ̀ mí. Ẹni tó wà lórí àga yín kó tó kàn yín ni mo sìn lábẹ́ ẹ̀. Mo ṣe oṣù 24 mi pé, wọ́n tú mi sílẹ̀ tọláọlá, mo ṣì ń lọ ìpàdé lọ́jọ́ Ìsinmi títí dòní, èmi ni mo tún ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ́ọ̀dù wa, ìyẹn ìjọ àdúgbò wa, tó ń múra àtilọ. Wọ́n máa ń bi mí pé báwo ló ṣe rí lọ́hùn-ún, òótọ́ ni mo sì máa ń sọ fún wọn, dídùn ibẹ̀ àti kíkan ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo wá gbọ́ nípa míṣọ̀n wa báyìí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún wọn, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ìyá wọn.

Ohun tí mo gbọ́ rèé. Wọ́n ní ẹ ti ṣòfin pé míṣọ́nárì tí ara ẹ̀ ò bá yá ò gbọdọ̀ pe Màmá fúnra ẹ̀ mọ́. Kó kọ́kọ́ sọ fún olórí dísítíríkì, míṣọ́nárì ọ̀dọ́ bíi tiẹ̀ tó ń darí ìwọ̀nba míṣọ́nárì díẹ̀, ìyẹn á sọ fún olórí zóònù, ọ̀dọ́ míì tó ń darí dísítíríkì mélòó kan, olórí zóònù á wá wò ó bóyá ó tó ohun tí wọ́n ń gbé dé ọ̀dọ̀ yín. Kó tiẹ̀ tó sọ fún ẹnikẹ́ni rárá, wọ́n ní kó jáde ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán ná, kó wò ó bóyá á lọ. Wọ́n sì ní kí gbogbo ilé yọ bébà tí nọ́ńbà Màmá wà lórí ẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ju ẹnì kan lọ tó sọ ọ́ fún mi, torí náà ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má wá ẹni tó sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan jìyà lórí ọ̀rọ̀ tí èmi gbé síta.

1. Ẹ rántí bí ọjọ́ kan ṣe ń rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Àwọn tó ń kà á tí wọn kì í ṣe ara wa lè má mọ̀, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀ fún wọn. Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-ìkẹhìn là ń sọ, èyí tí aráyé ń pè ní Mọ́mọ́nì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2018 ni Ààrẹ Russell M. Nelson, olórí Ìjọ nígbà yẹn, ti ní ká máa fi orúkọ tó jẹ́ gan-an pè é. Míṣọ́nárì wa lé ní 70,000 káàkiri ayé. Ọkùnrin lè lọ láti ọmọ ọdún 18, torí oṣù kẹwàá 2012 ni Ààrẹ Thomas S. Monson, olórí Ìjọ ṣáájú Nelson, gé e wálẹ̀ láti 19, oṣù 24 ló máa ṣe, obìnrin á ṣe oṣù 18. Kò sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún wọn o, àwọn àtàwọn òbí wọn ló ń dáwó ẹ̀, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 400 dọ́là lóṣù kan ni kó tó di 500 ní oṣù keje 2020. Kì í ṣe ìwọ lo máa yan ibi tó o máa lọ, lẹ́tà ìpè ló máa sọ ọ́ fún ẹ, o lè bá ara ẹ nílẹ̀ tó o ò tíì gbọ́ èdè wọn rí láyé ẹ, báyìí ló ṣe rí fún èmi.

Agogo 6:30 àárọ̀, aago ti dún. Láti 2017 ààyè ti wà láti sún wákàtí díẹ̀díẹ̀ síwájú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bọ́jọ́ ṣe ń lọ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Eré ìdárayá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìwẹ̀, oúnjẹ, àdúrà, lẹ́yìn náà ìwé kíkà, tìẹ nìkan, tìẹ àti tẹnìkejì ẹ, ìyẹn míṣọ́nárì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ jọ máa ṣiṣẹ́, ti èdè. Ó di ìta. Títì, àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á tún tì í. Lọ́jọ́ kan ní ìlú mi kejì mo ka gbogbo ilẹ̀kùn tí a kàn, ó jẹ́ 83, méjì péré ló ní ká wọlé, ọ̀kan nínú méjèèjì yẹn òtútù tó ń mú wa ló ṣe é láàánú. Tó bá máa di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ẹ ti wà nílé, ẹ ṣètò ọ̀la, 10:30 ẹ paná. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, P-day, lẹ fi ń fọṣọ, ra nǹkan jíjẹ, gẹrun, bá ará ilé sọ̀rọ̀, òun náà á tún parí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ó tún so táì mọ́rùn.

Ẹnìkejì ẹ ò gbọdọ̀ kúrò níbi tójú ẹ ti tó o, àfi tó bá wọ ilé ìwẹ̀. Yàrá kan náà lẹ jọ ń sùn. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ ẹ, Alàgbà lágbájá ni, Arábìnrin lámọrín ni, orúkọ ìdílé nìkan. Orúkọ tí wọ́n sọ mí gan-an, àfi lọ́jọ́ P-day tí ìyá mi bá wà lórí fóònù ni mo ń gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn o, kò sírọ́ níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wà tí a máa ń bá kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kò gba ìwé wa rí, kò bá wa gbàdúrà rí, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kan nínú èdè ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n gbọ́ èdè. Tí mo bá ní kí n padà lọ lọ́la, màá lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 18 tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alàgbà láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní pẹ́ táwọn èèyàn á fi gbàgbé pé ọmọ ni, òun náà á gbàgbé. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin méjèèjì làgbà tó wà lọ́jà yìí. Ọmọ ogún ọdún tí ẹ fi ṣe olórí zóònù ò lè jẹ́ àgbà yẹn fún wọn, báàjì tó wà láyà ẹ̀ ò sọ ọ́ di dókítà, kò sì sọ ọ́ di ìyá ẹnikẹ́ni.

2. Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹnìkejì mi kan fún yín.

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Ọmọ ọdún 19 ni. Ìgbà òtútù la pàdé, ní ìlú kékeré kan tó jẹ́ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú. Èmi ò gbọ́ èdè ibẹ̀ dénú, òun náà ò gbọ́ ọ dénú, èdè tí àwa méjèèjì sì fi ń bára wa sọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀sẹ̀ kìíní ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kejì mo kíyè sí i pé ojú ewé kan náà ló ń ṣí láràárọ̀ tí a bá jókòó kàwé, kò ṣí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ ẹ̀ ń ṣẹ́ kù sínú abọ́. Tí a bá dé ẹnu ilẹ̀kùn àwọn èèyàn, ẹ̀yìn mi ló ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ló ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Lálẹ́, tí a bá ti paná, á dìde, á lọ sílé ìwẹ̀, á ṣí omi. Mo rò pé ó ń wẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ ń bínú nínú pé ó ń lo omi gbígbóná tán.

Mo sọ fún olórí zóònù wa. Ọmọ dáadáa ni, ó fẹ́ràn wa, mi ò ní bú u láéláé. Ó ní àárò ilé ni, ó ní ká gbàdúrà, ká gbààwẹ̀, ká tẹ̀lé òfin bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ká túbọ̀ jáde, pé tí èèyàn bá ti gbàgbé ara ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ gbogbo ẹ̀ á lọ. A gbààwẹ̀. Ọmọ tí kò jẹun tẹ́lẹ̀, a tún jọ gbààwẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí dòní ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, omi yẹn ń dà, ó ń dà, ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Mo kanlẹ̀kùn, kò dáhùn. Mo sún un, kò fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó jókòó sétí ọpọ́n ìwẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì tó wọ̀ jáde láàárọ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ìkejì wà nílẹ̀ nínú omi. Ó di báàjì dúdú yẹn mú, èyí tí orúkọ ẹ̀ àti orúkọ Ìjọ wà lórí ẹ̀, ó ń fi èékánná àtàǹpàkò họ lẹ́tà funfun orí ẹ̀, ó ti họ orúkọ ara ẹ̀ títí tí ò fi ṣeé kà mọ́, ó wá ku orúkọ Olúwa nìkan nísàlẹ̀. Kò wojú mi. Ó ní, “Mo ń ṣí omi kó o má bàa gbọ́ mi ni.” Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀, ó wá ní òun ò lè kan ilẹ̀kùn kankan lọ́la, òun ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá òun fẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá òun.

Bébà kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé wa, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ilé yẹn ló ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, igun ẹ̀ kan ti ká, nọ́ńbà Màmá míṣọ̀n ìgbà yẹn ló wà lórí ẹ̀. Mi ò pe olórí dísítíríkì, mi ò pe olórí zóònù. Màmá ni mo pè, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti kọjá. Ó gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Kò bi mí bóyá a ti gbàdúrà. Ó ní, “Ṣé ó ti jẹun? Ṣé ó sọ pé òun fẹ́ pa ara òun lára? Jókòó tì í, má sùn, di ọwọ́ ẹ̀ mú, à ń bọ̀.” Wákàtí méjì ààbọ̀ ni láti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa nínú yìnyín. Aago méjì òru ti lọ dáadáa nígbà tí iná mọ́tò wọn kọ sí fèrèsé wa. Kóòtù òtútù ni Màmá wọ̀ lé aṣọ oorun, bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bára mu.

Wọ́n mú un lọ, dókítà rí i, onímọ̀ ìlera ọkàn rí i, ó padà sílé lọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀. Nígbà tára ẹ̀ yá, ó ṣe míṣọ̀n iṣẹ́ ìsìn níbi tó ń gbé, ó parí ẹ̀. Ó wà láàyè. Ó ń kọ̀wé sí mi.

Ààrẹ mi, títí wọ ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo fi tẹ̀lé ọ̀nà tí ẹ wá sọ dòfin yìí. Bébà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ló gbà wá. Bébà yẹn lẹ ní kí wọ́n yọ.

3. Ọ̀rọ̀ “ẹ jáde títí di ọ̀sán, ẹ wò ó bóyá á lọ” yìí.

Èmi náà wò ó bóyá á lọ. Bàtà mi lu nísàlẹ̀, ó ta mí lẹ́sẹ̀, ó di egbò, omi yìnyín ń wọ̀ ọ́. Mo ń fi náílọ́nù wé ẹsẹ̀ kí n tó wọ ìbọ̀sẹ̀, mo ń rìn, torí mo rò pé ẹni tó bá ṣàròyé ìgbàgbọ́ ẹ̀ kéré. Láràárọ̀ mo ń sọ pé tó bá fi máa di ọ̀sán á rọlẹ̀. Tó bá di ọ̀sán ó máa ń rọlẹ̀ lóòótọ́, torí ẹsẹ̀ ti kú tipiri, tó bá di alẹ́ kó tún máa lù kìkì. Ọjọ́ kẹfà ibà dé. Dókítà tó tọ́jú mi bi mí pé ta ló ní kí n máa rìn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dùbúlẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ẹnìkejì mi náà ò lè jáde, torí kò gbọdọ̀ fi mí sílẹ̀. Tí ẹ bá ń ro ti iṣẹ́ tó máa lọ síwájú, ẹ wo iye tí ẹsẹ̀ kan ná míṣọ̀n.

4. Ẹ ro ti àwọn ọmọbìnrin.

Èyí ló gbóná jù lọ́kàn mi. Olórí dísítíríkì àti olórí zóònù, ọkùnrin ni wọ́n. Òótọ́ ni pé láti 2013 la ti ní àwọn arábìnrin tó ń kọ́ àwọn arábìnrin, tí wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ òfin yín, ojú ọ̀nà tí ẹ là yẹn ò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ṣé ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń dà á láàmú, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ọmọkùnrin ọdún 19 tí wọ́n jọ ń jókòó nípàdé dísítíríkì ló máa lọ ṣàlàyé fún? Ọmọbìnrin tí ọkùnrin kan tẹ̀ lé láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé, tó wá ń gbọ̀n, tí kò lè sùn, ṣé ó máa kọ́kọ́ dúró di ọ̀sán? Arábìnrin kan ní zóònù wa sọ fún mi lẹ́yìn tí gbogbo wa ti délé pé òun ì bá dákẹ́ ni tó bá jẹ́ pé ọkùnrin lòun máa sọ ọ́ fún, pé ohùn obìnrin tó gbé fóònù yẹn ló jẹ́ kí òun lè lanu. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n padà ṣe fún òun.

Ẹ̀yin Màmá, ẹ̀yin náà ti ṣọmọbìnrin rí. Ẹ jọ̀ọ́ mà.

5. Ìjọ fúnra ẹ̀ ò kọ́ wa báyìí.

Ní ìpàdé gbogbogbò oṣù kẹwàá 2013, Alàgbà Jeffrey R. Holland, ọ̀kan nínú àwọn Àpóstélì Méjìlá tó ń darí Ìjọ nígbà yẹn, dìde lójú gbogbo ayé, ó sọ̀rọ̀ lórí ìsoríkọ́ àti àìsàn ọpọlọ, kò fi nǹkan kan bò. Ó sọ ti ara ẹ̀ pé òun náà ti rẹ̀wẹ̀sì gidi rí lẹ́yìn tí òun ti gbéyàwó. Ó ní tó bá jẹ́ pé àìsàn inú tó ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ ló mú èèyàn, Ọlọ́run á retí pé kó gba ìbùkún oyè àlùfáà, kó sì tún lọ gba ìtọ́jú tó dáa jù tọ́wọ́ bá tó, pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àìsàn ọkàn. Ìbùkún àti dókítà. Kò ní ká fi ọ̀kan dúró de ìkejì.

Ìwé kékeré kan sì wà tí Ìjọ ṣe fún míṣọ́nárì lórí bí ayé míṣọ̀n ṣe ń mọ́ni lára, ẹ̀yin náà ní i lọ́wọ́. Àwọ̀ mẹ́rin ló pín ìnira ọkàn sí, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ọsàn, àti pupa, kí ọmọ lè mọ ibi tóun wà, kó sì wá ìrànwọ́ kó tó pẹ́ jù. Ẹni tó bá wà lójú pupa, ẹ ò lè ní kó kọ́kọ́ tò kọjá lọ́dọ̀ ọmọ méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìjọ ní dókítà tó ń gba agbègbè kọ̀ọ̀kan nímọ̀ràn, ó ní àwọn onímọ̀ ìlera ọkàn pẹ̀lú, owó àti wàhálà ni Ìjọ fi kó wọn jọ, kí àwọn ọmọ yìí lè rí wọn ni.

Ẹ má sì sọ fún mi pé òfin lòfin, kò ṣeé yí. Ṣebí a rántí nígbà tó jẹ́ pé lọ́jọ́ Kérésì àti ọjọ́ àwọn ìyá nìkan ni míṣọ́nárì ń gbọ́ ohùn ará ilé, ìgbà tó di oṣù kejì 2019, Àjọ Ààrẹ Ìkínní, àwọn tó wà lókè pátápátá nínú Ìjọ, ní kí wọ́n máa pè lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ayé ò bàjẹ́. Oṣù kejìlá 2018 ni wọ́n ní kí àwọn arábìnrin máa wọ ṣòkòtò tó bá wù wọ́n, torí òtútù, torí ẹ̀fọn, torí kẹ̀kẹ́ gígùn. Nígbà tí kòrónà dé ní oṣù kẹta 2020, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún míṣọ́nárì padà sílẹ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jáde títí di ọ̀sán ná. Àwọn tó wà lókè fi ẹ̀mí ọmọ ṣáájú iye ilẹ̀kùn tí a kàn.

6. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ.

Ẹ máa sọ pé fóònù Màmá ò sinmi, tọ̀sán tòru. Mo gbà. A lé ní ọgọ́rùn-ún nígbà tèmi, Màmá ìgbà yẹn wá sọ fún wa nípàdé zóònù kan pé wọ́n pe òun torí èèkánná tó ya. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n pè yín fún, tọkọtaya, ẹ fi iṣẹ́ yín àti àwọn ọmọ tẹ̀yin sílẹ̀ wá tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, èmi ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ó rẹ̀ yín. Ẹ tún máa sọ pé àwọn kan ń díbọ́n, pé wọ́n fẹ́ sùn ni. Àwọn kan wà lóòótọ́, mo ti bá ọ̀kan gbé. Kí ló dé tó fẹ́ sùn, ìyẹn gan-an tó ìbéèrè. Ọmọ tí ò fẹ́ dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, tẹ́lẹ̀ òun ló ń jí mi, ọ̀lẹ lẹ máa pè é, àbí ẹ máa jókòó tì í?

Tọkọtaya àgbà wà ní míṣọ̀n, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn nígbà míì. Ẹ fún ọ̀kan nínú wọn ní fóònù kejì. Kí ti èèkánná máa lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ni kẹ́ ẹ fún o, ẹ má gbé e fún ọmọ.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún wá nìyí.

Ẹ fagi lé òfin yẹn, ẹ sì kéde ẹ̀ fún gbogbo míṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ àbẹ́lẹ̀ tí ọmọ kan á gbọ́ tí èkejì ò ní gbọ́. Kí ó wà ní kíkọ pé àìsàn kì í ṣe àìgbọràn, pé kò sí olórí dísítíríkì tàbí olórí zóònù tó lè dá ẹnikẹ́ni dúró láti pè yín. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ “títí di ọ̀sán” yẹn kúrò pátápátá.

Kí ẹ bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lóun nìkan nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí ẹ bi í nípa oorun ẹ̀, oúnjẹ ẹ̀, kí ẹ tó bi í nípa iye èèyàn tó ń kọ́. Ẹ tún wo bàtà wọn. Mi ò sọ ọ́ fi ṣeré, ẹ ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè kí ẹ rí ìsàlẹ̀ ẹ̀.

Àwọn tó padà sílé kó tó pé, láàárín ìgbà tí òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ pé wọ́n tó mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn àti òbí wọn lórí fóònù, ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ sọ fún ààrẹ èèkàn wọn, ìyẹn àpapọ̀ wọ́ọ̀dù mélòó kan, àti bíṣọ́ọ̀bù wọn pé wọ́n sin Olúwa dáadáa, kí wọ́n lè jókòó sí wọ́ọ̀dù wọn láìgbórí sílẹ̀. Ẹnìkejì mi yẹn sọ fún mi pé odindi oṣù mẹ́rin ni òun fi ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi òun pé ìgbà wo lòun dé.

Mo fẹ́ lọ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ pé ẹ ti gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn gba lẹ́tà ìpè ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ̀ yín gan-an ni wọ́n pè é sí. Inú ẹ̀ ń dùn, ó ti ń wo àwòrán yìnyín lórí fóònù ẹ̀. Ìyá ẹ̀ bi mí lẹ́yìn ìpàdé pé tára ọmọ òun ò bá yá lọ́hùn-ún, ta ló máa pè? Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ díẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sórí bébà tó nípọn, kí nọ́ńbà ẹ̀ tóbi kó ṣeé kà lókùnkùn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
ọmọ míṣọ̀n yín àná.